Ta Ló Bí Beaumont?

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Ṣé ẹ rántí bàbá òyìnbó tí ilé wọn dojú kọ tiwa ní Oshawa, ẹni tí mo ní ó máa ń fi aṣọ funfun nu ọkọ̀ pupa kan látàárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀? Ọkọ̀ yẹn ló fẹ́ tú ilé wọn ká. Ẹ má wí pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ, èmi ò sì tilẹ̀ retí ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, torí mo mọ̀ yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ Oshawa, ìlú kan ni létí adágún Ontario ní Kánádà, ní ìlà-oòrùn Toronto. Ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹ, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé. Bí ẹ bá bá àgbàlagbà kan pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ bi í léèrè ibi tó ti ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, yóò ní GM, ìyẹn General Motors. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? GM. Ajá wọn nìkan ni kò tíì máa gba owó ìfẹ̀yìntì.

Orúkọ ọkọ̀ Bàbá yìí ni Beaumont. Kì í ṣe Chevrolet, kì í ṣe Pontiac, bó tilẹ̀ jẹ́ pé GM ló ni gbogbo wọn, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilẹ̀kùn, òrùlé, gíláàsì, Chevelle ni, ìyẹn ọmọ Chevrolet. Bí ẹ bá yí síwájú, imú Pontiac ni. Bí ẹ bá wọlé jókòó, dáṣíbọọ̀dù tó wà níwájú yín, ti Pontiac Tempest ti Amẹ́ríkà ni. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì Chevrolet ló sùn síbẹ̀. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò jọ ti ẹnì kankan nínú ìdílé méjèèjì. Àmì tó wà lára rẹ̀ jọ orí ọfà tí Pontiac ń lò, àmọ́ wọ́n fi ewé igi maple ti Kánádà sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àwọn jí i. Nílé wa, bí wọ́n bá gbé irú ọmọ báyìí wá síbi ìsọmọlórúkọ, àwọn ìyá àgbà ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á kàn máa wo ara wọn lójú ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe ní Amẹ́ríkà kò lè wọ Kánádà láìsan owó ibodè tó le. Ni àwọn ilé iṣẹ́ bá kúkú ń ṣe ọkọ̀ sílẹ̀ Kánádà fúnra rẹ̀: GM ní Oshawa, Ford ní Oakville, Chrysler ní Windsor. Ṣùgbọ́n èèyàn tí yóò ra ọkọ̀ ní Kánádà ò pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe gbogbo irú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ àwọn alágbàtà ọkọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta Chevrolet àti Oldsmobile wà ní tirẹ̀, ẹni tó ń ta Pontiac àti Buick wà ní tirẹ̀. Ní ìlú kéékèèké, onítọ̀hún ti Pontiac yóò figbe ta: lágbájá ní ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú, èmi ò ní, ṣé kí n máa wo ẹnu rẹ̀ ni? Orogún ò kúkú ní fi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún orogún. Ni GM bá mú ara Chevrolet, wọ́n fún un lójú mìíràn, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún 1962 ni Acadian dé, tí wọ́n fà yọ lára Chevy II. Beaumont, orúkọ Acadian tó wọṣọ dáadáa jù lọ ni lákọ̀ọ́kọ́. Ní 1964 wọ́n gbé orúkọ náà lé ara Chevelle, nígbà tó di 1966 Beaumont kúrò lábẹ́ Acadian, ó dá dúró, ó sì ń bá a lọ títí di 1969.

Ẹ má rò pé òun nìkan ló ń ru ẹrù yìí. Àwọn Pontiac ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Kánádà, Strato-Chief, Laurentian, Parisienne, aṣọ Pontiac ló wà lókè, ṣáásì àti ẹ́ńjìnnì Chevrolet ló wà nísàlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1959 ni Pontiac ti ń fọ́nnu pé táyà òun fẹ̀ síta ju ti gbogbo ayé lọ. Ti Kánádà, ṣáásì rẹ̀ kò fẹ̀ tó aṣọ tí wọ́n dá fún un, táyà rẹ̀ á wọnú lọ lábẹ́ bòdì. Àwọn aláwàdà ibẹ̀ ń pè é ní Cheviac. Ford náà ṣe tirẹ̀: láti 1946 títí di 1968 wọ́n ń ta ọkọ̀ akẹ́rù Ford fún àwọn ará Kánádà lórúkọ Mercury. Ti Chrysler, ẹ jẹ́ kí n fi sílẹ̀, ilẹ̀ á ṣú.

Háà, ẹ dúró ná, kí n tó gbàgbé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ Oshawa ti wà nídìí ọ̀rọ̀ ààfin rí? Ìdílé McLaughlin ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ń kàn tẹ́lẹ̀. Ní 1907 ọmọ wọn, Sam, bá William Durant ti Buick ṣàdéhùn, ó ń gba ẹ́ńjìnnì Buick, ó ń kan bòdì tirẹ̀ lé e. Ní 1918 ilé iṣẹ́ náà di General Motors ti Kánádà, Sam sì di ọ̀gá ibẹ̀. 1871 ni wọ́n bí i, 1972 ló kú, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹ wá gbọ́ o: Edward, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó gbé adé sílẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 1936 nítorí Wallis Simpson, McLaughlin-Buick láti Oshawa ló ń gùn. Daimler ni gbogbo ayé mọ ìdílé ọba mọ́. Òun ní òun ò fẹ́ Daimler, òun ò fẹ́ ìyàwó tí wọ́n yàn, bí òun bá ṣe fẹ́ ẹ ni kí wọ́n ṣe é fóun. Wọ́n sì ṣe ọkọ̀ náà bó ṣe fẹ́ ẹ. Ti ìyàwó ni wọn ò gbà. Èmi ò rí ọba náà dá lẹ́bi, ọkọ̀ yẹn dáa.

Bí mo ṣe ń wí, ti ká ṣe é bí èèyàn ṣe fẹ́ ẹ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Láyé 1960 sókè, èèyàn kì í kàn lọ mú ọkọ̀ níbi tí wọ́n kó wọn sí. Ẹ máa jókòó ti alágbàtà, yóò gbé ìwé síwájú yín, ẹ óò sì máa yan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ń gorí owó. Gbogbo ohun tí ẹ bá yàn ló ní àmì tirẹ̀, lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì. M35 ni gíà Powerglide tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ipele méjì péré ló ní. M20 ni gíà ọlọ́wọ́ onípele mẹ́rin. G80 ni ti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kì í jẹ́ kí táyà kan máa yí lórí yìnyín kí ìkejì máa wòran. U63 ni rédíò. Àwọn ará Kánádà tún máa ń yan ẹ̀rọ kékeré kan tí ń mú bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì móoru lóru, wáyà rẹ̀ á máa yọ jáde ní imú ọkọ̀ kí wọ́n lè kì í bọ iná mànàmáná. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ àtijọ́ tí wáyà ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ẹ ti mọ ibi tó ti lo òtútù.

Bàbá wa wá ń fi gbogbo àdúgbò létí pé Beaumont òun, ti ọdún 1967, SD 396 ni, àti pé L78 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín bí wọ́n ṣe tú u fún mi. SD, Sport Deluxe ni wọ́n gé kúrú. Ohun tí Chevrolet ń pè ní SS ni Beaumont ń pè ní SD. Ibi tí àwọn oníjìbìtì ti ń mú èèyàn wà níbẹ̀: SD kì í ṣe orúkọ ẹ́ńjìnnì. Ti ọ̀ṣọ́ ni, àga iwájú méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti irin dídán lára. Èèyàn lè wọ gbogbo ọ̀ṣọ́ yẹn kí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà máa hó wúyẹ́wúyẹ́ nísàlẹ̀. 396 ni agbára. Ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì ni ní kúbíìkì íńṣì, ó tó lítà 6.5. Àwọn 396 náà kò sì dọ́gba. L35 ní agbára ẹṣin 325, L34 ní 350, L78 ní 375. L78 yìí ni gbogbo wọn ń du. Kàbúrétọ̀ Holley ló wà lórí rẹ̀, ohun tó ń pín atẹ́gùn àti epo sínú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, irin gidi ló sì ń ti àwọn fáàfù inú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ọ́ìlì ń rọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ẹ óò máa gbọ́ tikitiki, tikitiki.

Èmi ò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n mo ní etí, fèrèsé mi sì dojú kọ ojúlé wọn. Ọkọ̀ Bàbá kì í dún tikitiki. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n ti fèrèsé.

Bájì ò ṣòro rà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè ra bájì SS, kó ra bájì 396, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ tí ìyá ẹnì kan fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láyé ọjọ́sí, kó sì fi owó ńlá lé e. Ní Amẹ́ríkà ìṣòro náà pọ̀ gan-an. Nọ́ńbà ṣáásì Chevelle láti 1966 sí 1968 á sọ fún yín bóyá SS 396 ni, 138 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1969, wọ́n sọ SS di ohun tí èèyàn ń yàn lórí ìwé, nọ́ńbà ṣáásì ò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹnu onílé ló kù. Ẹnu onílé tó fẹ́ ta ọjà sì rèé!

Àsìkò tí àna Bàbá, ọkọ ọmọ wọn obìnrin, dá a lábàá pé kó ta ọkọ̀ yìí, ni ọkùnrin kan ti dé láti Michigan. Ẹ ò bá rí ọkùnrin yìí. Kò kí ọkọ̀, kò yìn ín. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó mú dígí kékeré tó so mọ́ igi, ó mú mágnẹ́ẹ̀tì. Mágnẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ ń gbé kiri ara bòdì, lókè táyà ẹ̀yìn, létí ilẹ̀kùn, nínú búùtù. Torí iyọ̀ ni. Ní Ontario, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ọkọ̀ látìsàlẹ̀ wá títí ilẹ̀ inú ọkọ̀ á fi lu. Pánẹ́ẹ̀lì bítà á wá fi pọ́tì dí i, wọ́n á kùn ún, á máa dán. Ibi tí mágnẹ́ẹ̀tì bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀, irin ti kúrò níbẹ̀. Ti Bàbá lẹ̀ níbi púpọ̀. Ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, mágnẹ́ẹ̀tì já bọ́ sílẹ̀ gbì. Bàbá wúkọ́.

Ó kàn nọ́ńbà ṣáásì. Lára ọkọ̀ GM títí di 1967, ara òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ló wà. Láti 1968 ni wọ́n gbé e lọ sórí dáṣíbọọ̀dù níbi tí a ti lè rí i láti ìta. Ọkùnrin náà kà á sókè: 17 tó wà láàrin, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ ò ṣí. Nọ́ńbà kẹfà, 7, ọdún 1967. Nọ́ńbà keje, 1, Oshawa. Títí débẹ̀ Bàbá ò tíì purọ́. Lẹ́yìn náà ó sùn gbalaja sábẹ́ ọkọ̀. Ó ka bóòtù tó wà ní ẹ̀yìn, níbi tí agbára ti ń pín sí táyà méjèèjì, ó pé 12. 12 ni GM ń lò fún ẹ́ńjìnnì ńlá, 10 ni ti kékeré. Ó fi ìwọ̀n sí páìpù epo, íńṣì 3/8, bó ṣe yẹ kó rí. Ti ẹ́ńjìnnì kékeré, 5/16 ni. Èyí ṣe pàtàkì o, torí ẹni tó bá ń ṣe ayédèrú máa ń rántí bájì, ó máa ń rántí ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ó ṣòro kó rántí páìpù tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò. Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín. Màmá, ìyàwó rẹ̀, ti gbé tíì jáde. Èmi náà ti sọdá títì, torí ó yẹ kí èèyàn kí àlejò.

Ìgbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ yíwọ́. Ní iwájú ẹ́ńjìnnì Chevrolet, lápá ọ̀tún, ibì kan wà tí irin ti tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á tẹ lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ síbẹ̀, oṣù àti ọjọ́, àti lẹ́tà tó sọ irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́. T ni Tonawanda ní ìpínlẹ̀ New York, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ńlá. K ni McKinnon ní St. Catharines ní Ontario, tó ń ṣe àwọn kékeré fún ọkọ̀ Kánádà. Lójú ibẹ̀, ó yẹ kí ẹ rí ìlà wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ tó gé irin náà fi sílẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá ń dán láìní ìlà, ẹnì kan ti fi fáìlì ha á, ó sì ti tẹ irọ́ tirẹ̀ síbẹ̀. Ti Bàbá, ìlà wà, kò sí irọ́. Ọkùnrin náà wá fi dígí rẹ̀ wá ọjọ́ tí wọ́n da irin bùlọ́ọ̀kù náà, èyí tó máa ń hù síta lára rẹ̀. Lẹ́tà ni oṣù, A ni January, B ni February, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ọjọ́ á tẹ̀ lé e, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún á parí rẹ̀. Ó kà á: B 14 9.

Gbogbo wa dákẹ́ nítorí a ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọkùnrin Michigan ló ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́dọ̀ da bùlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó to ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ to ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó to ọkọ̀. Ọkọ̀ yìí, 1967. Ẹ́ńjìnnì yìí, ọjọ́ 14 oṣù Kejì, 1969. Ọmọ ti ṣáájú oyún dé.

"Ọjọ́ Valentine," ni Màmá wí. Ó gbé ife tíì sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Kí ni ti ọjọ́ ìbí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yin ará ilé? Ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ ra tòkunbọ̀ mìíràn, ẹ ní kí wọ́n gbé e sí i, ẹ wa ọkọ̀ lọ sílé, ta ló ń béèrè? Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ èyí tí wọ́n bí mọ́ ọkọ̀, owó rẹ̀ á fò sókè. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ni, á máa rìn, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò fi ilé tọrọ rẹ̀. Mo rò pé wàhálà wọn ti pọ̀ jù, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Ó ní kì í ṣe ti ọkọ̀ lòun ń rò.

Àna wọn ló sọ pé kí wọ́n lọ gba ìwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn dé rèé, ẹ fetí sílẹ̀. Chevrolet ti Amẹ́ríkà kò tọ́jú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe láyé yẹn. Ẹni tó ní Chevelle níbẹ̀, ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ náà ló máa ń wá kiri, torí wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀ sórí táǹkì epo tàbí sáàrin sípíríǹgì àga. Ọkùnrin Michigan sọ fún wa pé òun tú àga ẹ̀yìn Chevelle òun palẹ̀, òun sì rí ìwé náà lóòótọ́. Eku ti fi ṣe ìtẹ́. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù tó ṣeé kà ni orúkọ àwọ̀ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n GM ti Kánádà tọ́jú tiwọn! Wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Oshawa, Vintage Vehicle Services lorúkọ rẹ̀. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ṣáásì, ẹ san owó, wọn á fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín: ẹ́ńjìnnì, gíà, gbogbo ohun tí wọ́n yàn sí i, àti alágbàtà tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún. Kódà Camaro tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, bó bá jẹ́ Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀ lé tirẹ̀ ò ní ìwé kankan ní Amẹ́ríkà. Ẹ rí ayé bí? Ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní bàbá kan pàtó, òun nìkan ló ní ìwé ọjọ́ ìbí.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, ìdí tí wọ́n fi dáwọ́ Beaumont dúró. Ní oṣù Kìíní 1965, Lester Pearson, olórí ìjọba Kánádà, lọ sí oko Lyndon Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní Texas, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa gbé ọkọ̀ kọjá ibodè méjèèjì láìsan owó. Wọ́n ní nígbà tí Johnson ń kí i káàbọ̀, Wilson ló pè é, ìyẹn orúkọ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àlejò tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀! Pearson mú un mọ́ra. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ó sọ̀rọ̀ ní Philadelphia pé kí Amẹ́ríkà dá bọ́ǹbù Vietnam dúró ná. Lọ́jọ́ kejì Johnson bú u bí ẹní láyin, wọ́n tiẹ̀ ní ó di kóòtù rẹ̀ mú láyà. Àdéhùn ọkọ̀ ò bà jẹ́ ṣá. Láti ìgbà náà Oshawa lè máa ṣe Chevelle fún Amẹ́ríkà, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ àdáyàn fún Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Beaumont parí sí 1969, Acadian sí 1971.

Ìwé dé. Inú yàrá ìjókòó Màmá ni wọ́n ti ṣí i, èmi náà wà níbẹ̀, mo lọ dá àwo wọn padà. Àna ló ń kà á. Beaumont Sport Deluxe: bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì 396: bẹ́ẹ̀ ni! Bàbá fọwọ́ lu itan. L35, agbára ẹṣin 325. Bàbá dákẹ́. Gíà M35, Powerglide onípele méjì. Gíà ọlọ́wọ́ mẹ́rin tí Bàbá ń fi ṣakọ káàkiri, ẹlòmíì ló fi sí i. Àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́, ewé ni, kì í ṣe pupa. Ẹ̀rọ tí ń mú ẹ́ńjìnnì móoru, wà. Rédíò, wà.

Ọkùnrin Michigan ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kò sí ohun tó burú, ojúlówó SD 396 ni, ìwé sì wà, òun á san owó tó dáa. Kò ní tó owó L78, ó kàn ní òun ò sanwó fún ìtàn. Bàbá ti ń nà án lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni àna ka ìlà tó kẹ́yìn, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ kúrò lórí bébà: alágbàtà tí wọ́n gbé ọkọ̀ fún wà ní Winnipeg, ní ìpínlẹ̀ Manitoba.

Ẹ gbọ́ o. Láti ọdún tí mo ti mọ wọn, ìtàn kan ni Bàbá ń sọ. Pé ní 1967, ọdún tí Kánádà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, òun fi owó iṣẹ́ òun ra ọkọ̀ yìí ní tuntun, níbí, ní Oshawa, òun sì wà á lọ sílé àwọn Màmá láti lọ tọrọ rẹ̀. Gbogbo ọmọ wọn ló mọ ìtàn yìí. Láti Oshawa sí Winnipeg ju kìlómítà 2,000 lọ lójú títì. Èwo ni ti òṣìṣẹ́ GM tó ń fọwọ́ kan ọkọ̀ lójoojúmọ́ lórí ìlà iṣẹ́, tí yóò wá lọ ra ọ̀kan ní Winnipeg? Mo kàn bi ara mi ni o. Bóyá mo bi í sókè díẹ̀.

Màmá wo ọkọ rẹ̀. "Ta lẹ mọ̀ ní Winnipeg?"

Bàbá ní ó pẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kan ló ta á fún òun. Ó ní òun ò rántí ọdún náà dáadáa. Màmá bi í bóyá ọ̀rẹ́ náà ní irùngbọ̀n. Bàbá dìde, ó mú aṣọ funfun rẹ̀, ó ní eruku wà lára ọkọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ẹnì kan wa ọkọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn ní Winnipeg, ẹnì kan ra ẹ́ńjìnnì ọjọ́ Valentine sí i ní 1969 tàbí lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnì kan sì kùn ún ní pupa. 1968 ni Bàbá àti Màmá ṣègbéyàwó. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, ẹ̀yìn ọkọ̀ kan hàn níbẹ̀; mo ti fi dígí ojú mi wò ó dáadáa, fọ́tò dúdú-àti-funfun ni, a ò mọ àwọ̀ rẹ̀, àmọ́ iná ẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ti Beaumont. Mo ti wá mọ iná Beaumont báyìí. Ti Chevelle ni.

Títà ọkọ̀ ti dúró ná. Màmá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò lójúlé títí òun yóò fi rí ìdí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin Michigan ń pè lórí fóònù, ó ti fi owó kún owó. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Màmá ń wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Winnipeg láti lọ bá àwọn tó mọ alágbàtà náà láyé ọjọ́sí sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò lè dá nìkan lọ, òun sì nílò ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo ti di ẹrù. Ọkọ mi ò tíì mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un.